A Sin Bàbá, Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí A Sin Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé: ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè Yorùbá, ìbáà jẹ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọ́bẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí kò mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Ohun tí ó ń ba àgbà lẹ́rù jù lọ ni kí ọmọ ṣáájú rẹ̀ lọ. Ohun tí ó sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀ ni kí ó mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ òun ni yóò da erùpẹ̀ bo òun. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí bá mi yẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wò nínú òwe náà, èyíinì ni «sin». Kí ni à ń pè ní sísin bàbá lónìí? Níbo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbo ni ó sì parí sí?

Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, bàbá tí ó bí mi papò dà ní abúlé wa ní agbègbè Kétu. Àgbẹ̀ ni. Kò jẹ oyè, kò ṣe òṣèlú, kò sì jókòó sórí àga ilé-ìwé ìjọba rí. Lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba fi èdè Faransé kọ ọ́ pé wọ́n bí i «ní nǹkan bí ọdún 1938». Ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ̀ dàgbà ní oko ní ilẹ̀ wa mọ «nǹkan bí» yìí dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, kò sí ẹni tí ó fi kálàmù kọ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ìyá rẹ̀ mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀: òjò àrọ̀kúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ̀wà ń gbó lóko, ọjọ́ kejì ọjà sì ni. Ẹ̀rí yìí kún ju ti akọ̀wé lọ, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un lórí káàdì.

Kí n tó sọ èrò mi, ó yẹ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá mi a máa jí kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Yóò bọ́ sí ìta, yóò wo ojú ọ̀run ní ìhà ìlà oòrùn, yóò sì sọ bí ọjọ́ náà yóò ti rí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárọ̀, àfi bí ó bá ń ki àwọn ọmọ ní oríkì wọn. Ilẹ̀ ni ó mọ̀. Bí ó bá bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tí ó fi àtàǹpàkò fọ́ ọ, yóò sọ bóyá àgbàdo ni kí a gbìn síbẹ̀ tàbí ẹ̀pà, tàbí kí a fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Nígbà tí koríko ẹ̀kan bá ti gba oko kan, kì í bá a jà. Ó ní ilẹ̀ náà ń sọ fún wa pé ó ti rẹ òun. Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n kàwé gidi. Ohun tí wọ́n sọ nípa ilẹ̀ tí ó ṣá kò yàtọ̀ sí tirẹ̀, àfi pé tiwọn gùn jù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ Kétu mọ̀ pé omi jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀, pé kànga kì í rọrùn láti gbẹ́, àti pé òjò ni àwọn bàbá wa gbójú lé. Abẹ́ òrùlé ni bàbá mi ń to ìkòkò ńlá sí kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Ó ní ìlànà fún omi náà: igbá kan fún ọmọdé láti wẹ̀, ìkòkò kan tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi le, àti agbè kan lẹ́bàá ọ̀nà fún ẹni tí ń kọjá, ìbáà jẹ́ ẹni tí a mọ̀ tàbí ẹni tí a kò mọ̀. Agbè yẹn kò gbẹ rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní ọmọdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa fúnra wa a máa sùn láìwẹ̀ nígbà mìíràn.

Bí kò tilẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, ó ní ìwé tirẹ̀. Ara ògiri ilé ìdáná ni ìwé náà wà. Bí ó bá lọ bá ẹlòmíràn ṣe àáró, yóò fi èédú fa ilà kan. Bí ẹni náà bá sì wá san án padà, yóò fa ilà mìíràn dábùú rẹ̀. Ilà gígùn ni fún odidi ọjọ́, ilà kúkurú ni fún ààbọ̀ ọjọ́. Ọ̀wẹ̀ tí ó bá lọ ṣe fún àna rẹ̀, àmì róbótó ni ó ń fi sí i, nítorí pé a kì í san ọ̀wẹ̀ àna padà. Iṣẹ́ àti ìbáṣepọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó wà lára ògiri yẹn. Nígbà tí mo di òṣìṣẹ́ ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, tí mo sì mú ìwé alífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá wá fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń kọ̀wé kí wọ́n tó bí mi. Síbẹ̀, ó jókòó. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti tẹ ìka sórí ìwé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń múra ìsìnkú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ilé ra ọ̀dà funfun, wọ́n sì kun gbogbo ògiri kí ilé lè mọ́ lójú àlejò. Wọ́n kun ti ilé ìdáná pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó ní èrò búburú lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ yẹ́ bàbá sí ni. Ṣùgbọ́n nínú yíyẹ́ ẹ sí náà ni wọ́n ti pa ìwé rẹ̀ rẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe fún ògiri yẹn ni gbogbo wa ń ṣe fún àwọn bàbá wa. Ẹ wo bí a ti ń sìnkú. A ó gbé òkú lọ sí mọ́ọ̀gì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí àwọn ọmọ tí ó wà ní Kútọnù, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Faransé lè kó owó jọ. A ó yan aṣọ kan fún ẹbí, òmíràn fún àwọn ọ̀rẹ́. A ó háyà àgọ́, àga àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni tí kò ní owó yóò gba àjọ tí kò tíì kàn án, tàbí kí ó jẹ gbèsè tí yóò san títí ọdún mìíràn yóò fi yípo. Àwọn ará wa tí ń ṣe ẹ̀sìn Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́, wọ́n ń sin ín kíákíá bí ẹ̀sìn wọn ti wí. Síbẹ̀, bí ọjọ́ kẹjọ tàbí ogójì ọjọ́ bá pé, àwọn náà mọ bí ìnáwó ti ń rí. N kò wá bẹnu àtẹ́ lu ìnáwó. Ó dára kí ojúlùmọ̀ jẹun ní ilé olóògbé, kí ìlù dún, kí ìlú sì mọ̀ pé ènìyàn ni ó lọ.

Ohun tí ó ń dùn mí ni ìwé kékeré tí a ń pín níbẹ̀. Èdè Faransé ni a fi ń kọ ọ́. Yóò sọ pé olóògbé jẹ́ bàbá rere, pé ó fẹ́ràn àlàáfíà, pé òṣìṣẹ́ kára ni. Bí a bá yọ orúkọ bàbá kan kúrò, tí a fi ti ẹlòmíràn sí i, kò sí ohun tí yóò yí padà. Opó rẹ̀ kò lè kà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe àáró láti ìgbà ọmọdé kò lè kà á. Bí òkú náà bá sì jí, yóò bi wá pé ta ni ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èrò mi nìyí: sísin bàbá kò tíì parí bí a kò bá tíì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ní èdè tí ó fi sọ ọ́. Iṣẹ́ náà sì yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti gbé e sínú ilẹ̀.

Àwa tí a kàwé Faransé fẹ́ràn láti máa tún ọ̀rọ̀ Amadou Hampâté Bâ sọ níbi ìsìnkú. Ọmọ ilẹ̀ Málì ni. Ní ọdún 1960, ó sọ ní àjọ UNESCO pé ikú arúgbó ní Áfíríkà dàbí ilé-ìkàwé tí iná jó. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di àkọ́sórí, a sì ń fi í tu ara wa nínú. Iná a máa ṣẹ́ lójijì. Kì í ránṣẹ́ síwájú. Ikú àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. A ń rí i tí irun ń funfun, tí ọ̀pá ń wọ ọwọ́, tí àgbà kò lè lọ sí oko tí ó jìnnà mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ní láti fi wọ inú ilé-ìkàwé náà. Bí a kò bá wọ ibẹ̀, kí a má ṣe di ẹ̀bi ru iná. Hampâté Bâ fúnra rẹ̀ kò fi mọ sí ẹkún: ó fi ayé rẹ̀ kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa náà, a ní àwọn tí ó ti la ọ̀nà yìí. Fádà Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, tí ó di àlùfáà Kátólíìkì àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhómè ní ọdún 1928, jókòó ti àwọn àgbà, ó sì kọ ìtàn Kétu àti ti Ṣábẹ. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba orúkọ Fátúnmbí ní Kétu ní ọdún 1953. Ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Ewé, tí ó jáde ní ọdún 1995, kún fún orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ tí ó gbà lẹ́nu àwọn babaláwo. Ẹni tí ó ti òkè òkun wá rí i pé ohun tí àwọn àgbà wa mọ̀ tó ohun tí a ń kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọba, ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ awo ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń wá kiri jù. Kò sí ọ̀mọ̀wé kankan tí yóò gun alùpùpù wá sí abúlé wa láti béèrè bí bàbá mi ti ń pín omi. Bí ọmọ rẹ̀ kò bá kọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé: kí ni àgbẹ̀ lásán ní tí ó yẹ kí a kọ sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ láti ẹnu bàbá mi. Ní ìgbà ọlidé, bí mo bá lọ kí i, a ó jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, èmi pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé, òun pẹ̀lú obì rẹ̀. Ó sọ fún mi nípa ọdún 1983, nígbà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí Nàìjíríà sì lé àwọn àlejò padà sílé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, tí àwọn ará wa dé pẹ̀lú ẹrù lórí, tí ẹnu tí ń jẹun sì di ìlọ́po méjì nínú ilé tí kò ní oúnjẹ tó. Ó dárúkọ àwọn iṣu igbó tí wọ́n wà jẹ, ó sọ èyí tí a gbọ́dọ̀ rẹ sínú omi kí ó má baà pa ènìyàn, àti iye ọjọ́ tí yóò fi wà nínú omi. Ó sọ nípa ọdún 1984 tí Nàìjíríà ti ẹnubodè, bí àgbàdo ti ṣe wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò rà á. Nígbà tí wọ́n tún ti ẹnubodè ní ọdún 2019, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sáré kiri, òun ti dín tòmátì tí yóò gbìn kù, ó sì ti fi gbágùúdá dípò rẹ̀, nítorí pé gbágùúdá lè dúró nínú ilẹ̀ de ẹnubodè. Ẹni tí ó bá pe irú ìmọ̀ báyìí ní ọ̀rọ̀ lásán, ebi kò tíì pa á rí.

Ohun kan tún wà nínú ìwé ìkọ̀wé yẹn tí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ju ìrántí lọ. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀rọ̀ dìde láàárín ìdílé wa àti ìdílé tí ó múlé gbè wá, lórí ilẹ̀ kan tí ó wà ní ìkọjá ilà pèrègún. Gbogbo ayé mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti le tó láàárín wa, pàápàá láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ti jáde, tí oníkálùkù fẹ́ mú ìwé lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ilé wa ní láti kékeré ni àwọn ti ń rí bàbá ní oko náà, tiwa ni. Àwọn ìdílé kejì ní bàbá àwọn ni ó yá wa. Kò sí ẹlẹ́rìí tí ó kù láyé. Mo mú ìwé ìkọ̀wé náà jáde, mo sì ka ohun tí bàbá wí níwájú àwọn àgbà ìdílé méjèèjì: pé ilẹ̀ tí ó wà ní ìkọjá pèrègún kì í ṣe tiwa, pé wọ́n yá bàbá òun ní ọdún tí eéṣú bo oko, pé bí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá béèrè, kí á yọ̀ǹda rẹ̀ láìjà. Ọ̀rọ̀ náà kò gbè wá. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà á, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bàbá ni ó ń sọ̀rọ̀, nítorí pé bí ó ti sọ ọ́ gan-an ni mo kọ ọ́, ní ohùn Kétu, láìtún un ṣe. A yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Títí di òní, ìdílé méjèèjì ṣì jọ ń bu omi nínú ìkòkò kan náà.

N kò sọ pé ìwé ìkọ̀wé ọmọ lè dípò ìwé ìjọba. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohùn olóòótọ́ ènìyàn lè máa parí ìjà lẹ́yìn ikú rẹ̀, bí a bá fi í pamọ́ síbi tí a ti lè rí i. Bí mo bá ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí èdè Faransé ni, wọn ìbá sọ pé ọ̀rọ̀ akọ̀wé ni.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ni ó tún mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ. Bàbá mi fẹ́ràn wọn ju ohunkóhun lọ. Ó rọ ọkọ́ kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó sì mọ ọkọ́ olúkúlùkù láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kẹjọ, bí àwọn tí a bí ní Kútọnù bá wá lo ọlidé, yóò pè wọ́n sí iwájú rẹ̀ láàárọ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n. Ọmọ àbúrò mi kan, tí kò gbọ́ ju Faransé àti Fọ̀n lọ, fẹ́ràn ohùn náà. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń gbé orí lé bàbá àgbà lórúnkún. Ní ọjọ́ kan ó béèrè pé kí ni bàbá àgbà ń wí. Ẹnì kan nínú ilé dá a lóhùn pé: «Ó ń kí ọ ni.» Orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣí wá, ohun tí ìdílé kì í jẹ àti ohun tí ìdílé kì í ṣe, gbogbo rẹ̀ ni ó di «ó ń kí ọ ni». Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Bàbá àgbà kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí wọ́n máa gbọ́ ara wọn láti ẹnu ògbufọ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé fóònù ti gba iṣẹ́ yìí ṣe: kí a gba ohùn àgbà sílẹ̀, ó parí. Mo gbà pé ó dára kí a gba ohùn sílẹ̀, nítorí pé ìwé kò lè gbé ikọ́ àti ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n fóònù a máa bọ́ sómi, a máa sọnù nínú ọkọ̀, ẹni tí ó ni ín a sì máa pa ohun àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè gba fọ́tò tuntun. Ohùn tí a kò kọ sílẹ̀ ṣòro láti wá nǹkan kan pàtó nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú fóònù ni ọ̀rọ̀ pèrègún yẹn wà, láàárín ohùn wákàtí mẹ́wàá, n kò mọ ìgbà tí à bá rí i.

Àwọn mìíràn a máa béèrè pé irú Yorùbá wo ni kí a kọ: ti Kétu ni, ti Ṣábẹ ni, ti Àjàṣẹ́ ni, tàbí ti inú ìwé tí ó ń ti Nàìjíríà wá? Ṣé àmì abẹ́ lẹ́tà ni kí a lò, àbí lẹ́tà ɛ àti ɔ tí a fi kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ èdè. Ní ti ìwé bàbá, ìdáhùn mi kò gùn: ẹ kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́, ní lẹ́tà tí ẹ bá mọ̀. Ẹni tí yóò tún lẹ́tà ṣe lọ́la yóò rí ohun tí yóò tún ṣe. Bí a kò bá kọ nǹkan kan, kí ni yóò tún ṣe?

Ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ wa. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ nínú abala rẹ̀ kọkànlá pé gbogbo ẹ̀yà tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Òmìnira yẹn kì í ṣe ti ilé-ìwé àti ti ilé rédíò nìkan. Ìwé ìsìnkú bàbá wa náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, mo dá àbá yìí fún ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín ṣì wà láàyè. Ẹ má ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹ sọ pé kí ó sọ ìtàn ayé rẹ̀. Yóò ní òun kò ní ìtàn. Ẹ bi í ní ìbéèrè kékeré: kí ni orúkọ oko yìí, ta ni ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ọdún wo ni ebi mú yín jù, kí ni ẹ jẹ? Ta ni a jẹ ní gbèsè, ta ni ó jẹ wá? Kí ni kí a má ṣe gbàgbé? Ẹ ṣe é fún alẹ́ méje, kì í ṣe ní àsìkò ìkórè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún un, kí ó lè tún un ṣe fúnra rẹ̀; àwọn àgbà fẹ́ràn èyí ju bí ẹ ti rò lọ. Bí ẹ bá parí, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ilé ní abúlé, ọ̀kan fún ọmọ tí ó dàgbà jù, ọ̀kan fún ibùdó ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó súnmọ́ yín.

Ẹ̀dà kẹta yìí ṣe pàtàkì fún àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá parí ẹ̀kọ́ alífábẹ́ẹ̀tì ní abúlé a máa bi wá pé kí ni òun yóò wá kà báyìí. Ìwé tí a ní láti fún un kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí kò mọ̀. Ẹ rò ó wò bí obìnrin kan ní Ṣábẹ tàbí ní Sakẹ́tẹ́ bá lè fi ìwé ọ̀rọ̀ bàbá aládùúgbò rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, pẹ̀lú orúkọ oko tí òun náà ti ṣẹ́gi nínú rẹ̀. Yóò kà á dé òpin.

Bí ọjọ́ ìsìnkú bá sì dé, kí a kọ ojú ìwé méjì ní Yorùbá láti inú ohun tí olóògbé sọ, kí ọmọ ọmọ kan kà á sókè kí oúnjẹ tó jáde. Bí ọmọ náà kò bá mọ̀ ọ́n kà, ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí òkú fi wà ní mọ́ọ̀gì láti kọ́ ọ. Owó aṣọ ènìyàn díẹ̀ tó láti tẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀dà. Ẹni tí ó fẹ́ fi Faransé kún un, kò burú. Kí Faransé wá lẹ́yìn.

Àwọn bàbá wa tún wí pé: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àgbẹ̀ ni ó pa òwe yìí, ó sì mọ ohun tí ó ń wí. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè rọ́pò ìyá rẹ̀ bí kò bá ti inú gbòǹgbò kan náà jáde. Gbòǹgbò tiwa ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ̀yin tí bàbá yín wà láyé, bí ẹ bá dé ọjà tí ń bọ̀, ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan àti kálàmù méjì. Kí ẹ sì rí i pé ẹ lo kálàmù kìn-ín-ní kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, nítorí pé bí òjò bá ti rọ̀, oko ni bàbá yóò wà.